Ẹni Tó Tún Un Ṣe Ni Í Kọ́kọ́ Gùn Ún

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má wojú mi. Bí mo bá fẹ́ dúró, ẹ jẹ́ kí n dúró. Láti àárọ̀ ni ìdí mi ò ti gba àga, ẹ sì mọ ohun tó fà á. Àdùkẹ́ ọmọ ọmọ mi, tí ẹ jọ ń sáré kiri àdúgbò Pulatóò níbí níjọ́sí, òun ló máa gòkè nínú bààlúù lónìí. Kì í ṣe bààlúù tí olówó ń wọ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé o. Bààlúù ológun ni, èyí tí òun fúnra rẹ̀ tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀ tó sì tún un tò, ní ibùdó tuntun tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níṣẹ́ lápá òkè lọ́hùn-ún. Ó ní bí àwọn bá ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, òun á pè mí. Oòrùn ti yẹ̀, pọtáábù ò dún. Ràímì, wò ó fún mi, ṣé iná ṣì wà nínú rẹ̀? Ó wà? Ó dáa. Gbé e sórí àpótí yẹn, má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìyá Àdùkẹ́ ti sá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àdúrà lòun fẹ́ lọ gbà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ló ń sá fún. Ó ní àìbalẹ̀ ara mi ń ran òun bí ìgbóná. Kò burú. Ẹ̀yin tí ẹ ò níbi tí ẹ̀ ń sá lọ, ẹ̀yin ni kí ẹ gbọ́ tẹnu mi. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, n óò ya wèrè kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Lánàá tó pè mí, ohùn rẹ̀ ò dùn mọ́ mi létí. Ó ní, “Bàbá, ohùn kan wà nínú ẹ̀rọ yìí tí kò yé mi. Mo sọ fún àwọn ọ̀gá mi, wọ́n ní kò sí nǹkan kan.” Mo ní, “Àdùkẹ́, gbọ́ mi.” Kò dúró gbọ́. Ó ní àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ wá wò wọ́n, pé òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn mẹ́káníìkì, pé gbogbo ojú máa wà lára òun. Ó wá ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Mi ò ní dójú tì yín.” Kí n tó la ẹnu, ìlà já. Mo pè é títí, kò wọlé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò ní dójú tì yín, òun ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun.

Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Pápá tí ẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn, tí ọmọ Aláájì ti ń kọ́ alùpùpù tó sì ń ṣubú lójoojúmọ́, ṣé ẹ rò pé Ọlọ́run ló tẹ́ ẹ gbọọrọ bẹ́ẹ̀? Àwa la tẹ́ ẹ. Ibùdó ológun ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ṣójà kan bí wọ́n ṣe ń wa bààlúù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwa mẹ́káníìkì bí a ṣe ń tún un ṣe. Ilé onípáànù ńlá kan wà níbi tí igi kajú wà báyìí, inú rẹ̀ ni àwọn bààlúù ń sùn. Páànù rẹ̀ dà? Ẹ wo orí ilé adìyẹ yín. Ẹ wo ilé ìwẹ̀ bàbá Ràímì. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni jí i o. Mo kàn ní kí ẹ wò ó ni. Àìsí ńlé ológbò, ilé dilé èkúté.

Ariwo ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kí àwọn tó kírun Àsùbáà tó ká ẹní wọn tán, fèrè ṣójà á ti dún. Lẹ́yìn fèrè, gbogbo nǹkan á dákẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ á wá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ohùn rẹ̀ á lọ kọlu àwọn òkè wa, á sì padà wá bá wa, tí èèyàn á fi rò pé bààlúù mìíràn ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè. Ìyá ìyá mi máa ń dá a lóhùn pé, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó ní ohunkóhun tó bá ti ibi àwọn òkè yẹn sọ̀rọ̀, kíkí là ń kí i, a kì í bi í pé ta ni. Lónìí ńkọ́? Alùpùpù lápá ọ̀tún, alùpùpù lápá òsì, gbogbo wọn ń hó bí ẹni tí imú rẹ̀ dí. Èyí tó ń kọjá lọ yẹn, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ẹni tó ni ín ò tíì pààrọ̀ epo rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí mo bá bá a wí, á ní, “Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” á tẹná mọ́ ọn, á lọ.

Kí ẹ̀rọ tó hó, a ó ti ṣa pápá. Ẹ ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Gbogbo wa, àti kọmandáǹ tó jẹ́ ọ̀gá ibùdó àti ẹni tó ń fọ àwo nílé ìdáná, a ó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa láti etí pápá kan dé èkejì, a ó máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀, a ó máa wolẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́, igi gbígbẹ, egungun tí ajá gbé wá, gbogbo rẹ̀ là ń ṣà, nítorí ohun kékeré tó bá ta wọ inú ẹ̀rọ lè bà á jẹ́. Àwọn tó ń lọ sóko lọ́nà Àdídò á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á máa wò wá. “Kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?” Ìyàwó àbúrò bàbá mi gbà pé òrùka kọmandáǹ ló bọ́, tójú ń tì í láti sọ. Ó gbé ìgbálẹ̀ wá láti ilé, ó bá wa wá a títí, ó tún ń gbàdúrà sí i. Kò sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà. Títí ó fi kú, ó ń bi mí pé, “Ṣé wọ́n rí i nígbẹ̀yìn?”

Kọmandáǹ yẹn, ọmọ etí òkun ni. Fọ̀n ni èdè rẹ̀. Yorùbá tó gbọ́, ọjà Ṣábẹ̀ẹ́ níbí ló ti kọ́ ọ, lẹ́nu àwọn tó ń ta gàárì. Nítorí náà, bó bá fẹ́ kí a sáré sí i, á pariwo pé, “Ẹ fi ènì sí i!” Bí iṣẹ́ wa ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní, “Kò gbà, ẹ gbé e kalẹ̀.” Ọkùnrin líle ni, ṣùgbọ́n ta ló lè bẹ̀rù ẹni tó ń fi ẹnu oníṣòwò pàṣẹ? A ó fara balẹ̀ títí ó fi kọjá, a ó wá rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa ro wá.

Àwọn obìnrin ìlú fẹ́ràn ibùdó wa nítorí sìmẹ́ńtì tó wà níwájú ilé onípáànù. Ó máa ń gbóná bí àgbada. Wọ́n á yọ́ wá, wọ́n á sá láfún wọn síbẹ̀. Kọmandáǹ á lé wọn lónìí, wọ́n á tún dé lọ́la. Àfi ọjọ́ tí awakọ̀ kan yí ìdí bààlúù sí ibẹ̀, tó sì tẹ ẹ̀rọ. Háà! Gbogbo láfún dìde. Ìgbà tí ó fi wálẹ̀, kọmandáǹ funfun láti orí dé bàtà, irun imú rẹ̀ pàápàá funfun, àwọn obìnrin náà sì ń bú u pé ó ti ba láfún àwọn jẹ́.

Dúró! Ó dún. Ràímì, ta ni? Ìyá Àdùkẹ́ ni? Sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò tíì pè. Sọ fún un pé kó má pè mí mọ́, kó má baà dí ọ̀nà mọ́ ọmọ rẹ̀. Kí ló ń sọ? Ó ní kí n jókòó? Sọ fún un pé mo jókòó.

Kí ni mò ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ti awó fún yín. Níbi iṣẹ́ wa, gbogbo kilé tí a fi ń tú irin ló ní ibi tí a ń fi í kọ́ sí lára pátákó, a sì ti fi ọ̀dà ya àwòrán rẹ̀ síbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí tí àyè kan ṣófo, bààlúù ò ní mira, àfi bí a bá rí ohun tó sọnù, torí ó lè jẹ́ inú ẹ̀rọ ló wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìdè irin wẹ́wẹ́, búlọ́ọ̀nù bí a ṣe ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan, búlọ́ọ̀nù kan di àwátì. A wá abẹ́ àga, a wá inú bàtà. Yẹkíní ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Sàkín, tí a jọ wọ iṣẹ́ náà, ló lọgun pé, “Awó Ìyá Oníwàgàsì!” Ìyá náà, tó ń ta wàgàsì, wàrà dídì, fún wa, ní awó kan tó máa ń ṣa kòkòrò lẹ́sẹ̀ wa. Ohun tó bá ń dán, gbígbé ló ń gbé e mì. A lọ mú awó. Ìyá Oníwàgàsì ní ẹni tó bá máa pa awó òun á kọ́kọ́ pa òun. Ó di ẹsẹ̀ awó mú, Yẹkíní di apá rẹ̀ mú, awó ń ké, ìyá ń ké, kọmandáǹ ń pariwo pé kí wọ́n dín in kù! Nígbẹ̀yìn ìyá náà gbà, ó ní ṣùgbọ́n òun lòun máa sè é. Inú iwe awó náà ni búlọ́ọ̀nù wà lóòótọ́, ó mọ́ ju ìgbà tí a ti ń fi epo ẹsáǹsì fọ̀ ọ́ lọ. A dá a padà sí àyè rẹ̀, a sì jẹ awó pẹ̀lú iyán. Bààlúù fò lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, Yẹkíní fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀rín. Ó lè fi etí nìkan sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Á dijú, á gbé etí sí i, á ní, “Eléyìí ò gbádùn, ọ̀fun ń dùn ún.” A ó tú u, ọ̀fun á sì máa dùn ún lóòótọ́. Mi ò ní ọ̀rẹ́ mìíràn bí i tirẹ̀ títí mo fi hu ewú.

Òfin kan wà ní ibùdó wa tó ju gbogbo òfin lọ: ẹni tó tún un ṣe ni í kọ́kọ́ gùn ún. Ẹ̀rọ tí a bá tú tí a tò, kò gbọdọ̀ gbé akẹ́kọ̀ọ́ kankan lọ, àfi kí mẹ́káníìkì tó fọwọ́ kàn án kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀, kó gòkè, kó yí ìlú po, kó sọ̀. Ìwọ lo fọwọ́ dè é, ìdí tìrẹ ni kó kọ́kọ́ lọ. Òfin tó dáa ni, òun náà sì ni wọ́n ń lò níbi tí Àdùkẹ́ wà lónìí. Ọwọ́ tó bá mọ̀ pé ẹni tó ni òun ń gòkè kì í kánjú.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kàn mí, àsáró ni mo jẹ láàárọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ àsáró kí ẹ tó gun bààlúù. A gbéra, ó dùn. Mo rí ojú irin tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà lọ sí Parakú, mo rí ọjà, mo rí ìyá mi lẹ́yìnkùlé tó ń sá aṣọ, ó kéré bí èèrà. Mo fẹ́ pè é! Awakọ̀ bá gbé ìyẹ́ kan sókè, ó rẹ ìkejì sílẹ̀, àsáró náà bá tẹ̀ lé e. Inú fìlà awakọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ náà, Àsáró ni orúkọ mi ní gbogbo ibùdó. Kọmandáǹ pàápàá ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ ẹ, kí ni n bá ṣe? Orúkọ kì í pa èèyàn.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní apá kejì. Bí ọkàn mẹ́káníìkì ò bá balẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ kó dúró níwájú gbogbo èèyàn kó ní, “Mi ò gùn ún.” Wọ́n á ti bààlúù padà wọlé, wọ́n á tún un tú. Wọn ò ní bi í pé kí ló rí. Ó rí nǹkan o, kò rí nǹkan o, etí rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ wá bi mí pé ta ló lo ẹ̀tọ́ yẹn rí ní gbogbo ọdún tí mo fi wà níbẹ̀. Kò sí! Ẹyọ ẹnì kan ò lò ó. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa sọ lọ́jà pé ọmọ Lágbájá ń bẹ̀rù iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀?

Oòrùn yìí ti ń lọ o. Ràímì, ṣé kì í ṣe pé ó ti dún tí a ò gbọ́? Wò ó dáadáa. Kò dún? Ó dáa.

Ní ọdún iṣu tuntun, kọmandáǹ máa ń ṣí ẹnu ọ̀nà ibùdó sílẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ará Àdídò á wá, ará Sàkín á ru iṣu wá, àwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá tẹ̀dó á pa ìsọ̀ wọn dé. Lèmọ́mù á wà níbẹ̀, pásítọ̀ á wà níbẹ̀, àwọn àgbà onísẹ̀ṣe á jókòó sábẹ́ ìyẹ́ bààlúù torí ibẹ̀ ní ìbòòji, kò sí ṣójà tó jẹ́ lé wọn. Iṣu sísun, ẹ̀pà, àgbàdo, ariwo àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, bààlúù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe á jáde, awakọ̀ lápá kan, mẹ́káníìkì lápá kejì, ìlú á sì pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé ọba ló ń kọjá. Báyìí ńkọ́? Bí ọdún bá dé, kálukú á tẹjú mọ́ pọtáábù, á máa wo ọdún ìlú ẹlòmíràn.

Ọdún tí mò ń wí yìí, bààlúù Yẹkíní ló kàn. Ó ti tọrọ ọmọbìnrin kan, Bọ̀sẹ̀, nínú ìlú níbí, ìgbéyàwó ti sún mọ́lé. Gbogbo ilé àna rẹ̀ ló wá wò ó. Ìyá Bọ̀sẹ̀ kó àwọn obìnrin ilé wọn lẹ́yìn, wọ́n dojú igbá dé, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń jó. Èmi wà ní òpin pápá lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ garawa iyanrìn nítorí iná. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí i tó jáde. Ó dé ẹ̀gbẹ́ bààlúù, ó dúró. Ó gbé ọwọ́ lé ara ẹ̀rọ náà bí ẹni fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ó pẹ́ níbẹ̀. Awakọ̀ ti jókòó, ó ń dúró dè é.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ bá gbé ohùn sókè, ó ń kì í:

“Yẹkíní, ọmọ Sàkín,
Ọmọ a-gun-òkè-má-mí-hẹlẹ,
Ọmọ a-rí-ogun-má-yẹ̀,
Bàbá rẹ ò sá rí, ìwọ náà ò ní sá!”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ ohun tí oríkì ń ṣe fún èèyàn. Orí á wú. Ẹsẹ̀ á gbé ọ lọ síbi tí ọkàn rẹ ò fẹ́ lọ. Yẹkíní wo ìyá ìyàwó rẹ̀, ó wo gbogbo wa yíká, ó rẹ́rìn-ín, ó gùn ún. Ìlú hó yèè.

Bààlúù gbéra, ó kọjá lórí wa, ó yí sí ọ̀nà àwọn òkè. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ wúkọ́. Mo ní kò sí nǹkan kan, ṣebí ó máa ń wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn obìnrin ṣì ń lu igbá, wọn ò tíì mọ̀. Inú oko iṣu kan lọ́nà Sàkín ló já sí. A sáré, gbogbo ìlú sáré, a tẹ ebè iṣu àwọn olóko mọ́lẹ̀. Awakọ̀ wà láàyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán. Yẹkíní ti kú kí a tó dé ibẹ̀. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Nígbà tí awakọ̀ lè sọ̀rọ̀, mo lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, Yẹkíní ò pariwo. Ó kàn ní, “Mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀.” Awakọ̀ ní, “Kí ló dé tí o ò sọ?” Yẹkíní ní, “Ìyá ìyàwó mi ń jó.”

Ẹ gbọ́? Ìyá ìyàwó mi ń jó.

Nílé òkú, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo àgbà tó wọlé ń sọ: ó ṣe ọkùnrin, ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Inú bí mi débi pé mo dìde, mo jáde. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, mo fẹ́ràn òwe, ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n eléyìí, irọ́ ni! Ẹni tó kọ́kọ́ pa á ò sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí. Ẹ̀sín wo ló wà ńbẹ̀? Ká ní Yẹkíní yí padà lọ́jọ́ yẹn, à bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí iṣu yóò fi tán, à bá sọ ọ́ lórúkọ kan tó burú ju tèmi lọ. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ì bá gbéyàwó, ì bá bímọ, ì bá wà níbí yìí lónìí, ì bá máa já mi nírọ́ lórí ọ̀rọ̀ awó yẹn. Bọ̀sẹ̀ kó lọ sí Kùtọnu, kò padà wá gbé ní Ṣábẹ̀ẹ́ mọ́. Ìyá rẹ̀, olóhùn iyọ̀, kò ki ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi wọlẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ níbi ìgbéyàwó, á ní ohùn òun ti lọ.

Kì í ṣe ìyẹn ló ti ibùdó wa pa o. Ohun èlò ni kò dé mọ́, àwọn olùkọ́ lọ, wọ́n wá ń gbé àwọn bààlúù lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí èyí tó kẹ́yìn máa lọ, a ṣa pápá bí a ṣe ń ṣe, a ṣà á mọ́ tónítóní. Ó fò, a dúró, a ń wo òkè. Kọmandáǹ ní, “Ó tán, ẹ palẹ̀ mọ́,” bí àwọn oníṣòwò ṣe ń sọ ọ́ nírọ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, mo jí, mo dúró kí n gbọ́ fèrè. Àkùkọ nìkan ló kọ.

Gbogbo ìyókù ni mo sọ fún Àdùkẹ́ nígbà tó wà ní kékeré, ti láfún, ti awó, ti àsáró. Ó máa ń ní kí n tún un sọ. Torí ìyẹn náà ló ṣe wọ iṣẹ́ ológun, tó ní mẹ́káníìkì lòun fẹ́ ṣe. Ti Yẹkíní, ẹnu mi ò gbà á. Ta ló ń sọ irú rẹ̀ fún ọmọ tó ń lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ti wá lọ síbẹ̀ lónìí, ohùn tí kò yé e wà nínú ẹ̀rọ, àwọn èèyàn ńlá jókòó, gbogbo ojú wà lára rẹ̀, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò ní dójú tì mí. Ọlọ́run mi! Bí ó bá jẹ́ nítorí ojú tèmi ni ọmọ yẹn fi...

Ó ń dún. Ẹ dákẹ́! Ràímì, òun ni? Òun ni! Tẹ ibi tí yóò fi sọ̀rọ̀ síta.

— Àlò? Bàbá?

— Àdùkẹ́! Ṣé o ti sọ̀ kalẹ̀?

— Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

— Mo ní ṣé o ti sọ̀ kalẹ̀?

— Mi ò gòkè, Bàbá. Mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní mi ò gùn ún. Níwájú gbogbo wọn. Ọ̀gá wa ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ.

— Wọ́n ti tú u?

— Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń tú u. Wọn ò rí nǹkan kan. Nǹkan kan báyìí, Bàbá! Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀rù obìnrin ló bà mí. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé mi padà sílé. Mo dójú tì yín.

— Níbo lo wà báyìí?

— Ẹ̀yìn ilé ìdáná.

— Ṣé o ti jẹun?

— Bàbá, mo ní mo dójú tì yín!

— Mo gbọ́. Wọn ì báà rí nǹkan, wọn ì báà má rí nǹkan, mi ò bèèrè. Mo ti sin ẹni tí kò fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni, Àdùkẹ́. Nígbà tí o bá wálé, n óò sọ ọ́ fún ọ. Bí wọ́n bá lé ọ, wá. Bí wọ́n bá ní kí o dúró, dúró, kí o sì tún kọ̀ bí etí rẹ bá tún ní kí o kọ̀. Ṣé o gbọ́?

— Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n pa á. Ẹkún ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ máa gbọ́ irú èyí.

— Má pa á. Mo bẹ̀ ọ́, má pa á. Máa sunkún lọ, ọmọ mi. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ.